Láptọ́ọ̀pù Wo Ni Kí A Yá Owó Rà?

Níbi ìpàdé tó kọjá, àwọn bíi mẹ́ta nínú yín bi mí léèrè irú láptọ́ọ̀pù tí ó yẹ kí wọ́n yá owó ẹgbẹ́ rà fún ìwé ọjà wọn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, màá kọ ọ́ sínú ìwé oṣooṣù wa kí gbogbo wa lè jọ kọ́ ọ. Òun nìyí.

N óò kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ara mi. Ní 2022, mo ra tòkunbọ̀ kan tí ẹni tó tà á pè ní "i7, alágbára." Kò parọ́, ó lágbára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣírò èrè ọdún lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ, kò sì tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí láptọ́ọ̀pù fi kú pátápátá. Owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá tí n kò tíì fi pamọ́ bá a lọ. Ìwé kékeré ọwọ́ yín ni mo fi tún un kọ, ilẹ̀ sì mọ́ bá mi lórí àga.

Kí ni mo ṣe tí kò dára? N kò wo lẹ́tà tó wà nídìí nọ́ńbà. Prósẹ́sọ̀ ni ẹ́ńjìnnì kọ̀ǹpútà. Lára ti Intel, lẹ́tà ìparí ló máa ń sọ bí ó ṣe ń jẹ iná sí. Ẹ wo i5-8250U: wáàtì 15 ni ilé iṣẹ́ fi díwọ̀n U yẹn. Ẹ wo i7-8750H: wáàtì 45 ni ti H. Àwọn tó ń gé fíìmù tàbí tó ń ya àwòrán ilé ló ni H. Ẹni tó fẹ́ gbé èrò láti Láfẹ́nwá lọ sí Kútọ̀, kí ló fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì típà ṣe? AMD náà ń lo U àti H fún Ryzen tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò èlé. Ara bátìrì ni wọ́n máa ń kọ Wh sí. Bí ó bá jẹ́ 48 Wh, tí gbogbo láptọ́ọ̀pù, àti ojú rẹ̀ tó ń tàn, ń jẹ wáàtì 8 bí ẹ ṣe ń kọ ìwé ọjà, ẹ pín 48 sí ọ̀nà 8: wákàtí 6. Bí ó bá ń jẹ 24, wákàtí 2 péré. Wáàtì 15 àti 45 tí mo wí lókè kì í ṣe ohun tó ń jẹ nígbà gbogbo o. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni, ó tilẹ̀ lè kọjá bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bátìrì tòkunbọ̀ ti gbó ná. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣí Command Prompt, kó tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tó ìdajì èkejì, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Ohun kejì tó ń tàn wá jẹ ni pé 7 ju 5 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. i7-7500U ti 2016, òṣìṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀; i5-8250U ti 2017, mẹ́rin ni, wáàtì 15 kan náà sì ni a kọ sí àwọn méjèèjì. Bí aláàdìrẹ mẹ́rin bá jọ ń ṣe aṣọ ní Ìtòkú, ṣé àwọn méjì lè bá wọn? Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìlà kékeré náà ni ìran rẹ̀. Ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ń fẹ́ lára ti Intel, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá, 2025. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ìran kẹfà tó pọ́ọ́kú lè má pọ́ọ́kú mọ́.

Wáàtì 6 ni ilé iṣẹ́ fi díwọ̀n N100 ti Intel, ó sì tó fún ìwé ọjà kékeré. Ti Apple, láti M1 ti 2020, bátìrì rẹ̀ máa ń pẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀.

Ẹni tó ń ṣe fídíò ìnáwó, kó ra H, kó sì fi owó jẹnẹrétọ̀ kún ẹ̀yáwó rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí epo ti dà láti Oṣù Karùn-ún, 2023.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá yáwó láptọ́ọ̀pù, kó kọ orúkọ prósẹ́sọ̀ náà tán pẹ̀lú lẹ́tà ìdí rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà bátìrì méjèèjì sí i, kó sì mú un wá fún mi kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.