Purotéènì Tí Ó Kọ́ Ìbòrí Eyín, Tí Ó sì Yẹra

Nínú gbogbo ara ọmọ ènìyàn, kò sí ohun tí ó le tó ìbòrí eyín. Egungun pàápàá kò tó o. Ẹ̀námẹ́lì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Síbẹ̀, ohun rírọ̀ ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti àyíká wa. Lójoojúmọ́ ni a ń rí ilé tuntun ní Ajíbódé níhìn-ín. Kí a tó da dẹ́kìn, àwọn káfíńtà a kọ́kọ́ to pákó, wọn a sì fi ọparun gbé e ró. Pákó yìí ni ó ń fún kọnkéré ní ìrísí. Bí kọnkéré bá ti le tán, a ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti eyín. Nígbà tí eyín ṣì wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí à ń pè ní ameloblast a máa tú purotéènì jáde. Amelogenin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan bí 90 nínú 100. Àwọn ni pákó àti ọparun wa: wọ́n ń darí kálísíọ̀mù àti fọ́sífeètì kí wọ́n lè tò bí fọ́nrán òwú, kí wọ́n má baà dì pọ̀ láìlétò. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńsáìmù a gé purotéènì wọ̀nyí wẹ́wẹ́, tí ara a sì kó wọn kúrò, kí ohun líle lè gba àyè wọn. Nígbà tí ìbòrí náà bá gbó tán, nǹkan bí 96 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ ni ó jẹ́ ohun líle.

Ṣùgbọ́n káfíńtà lè padà wá tún ilé ṣe. Ameloblast kò lè padà. Kí eyín tó yọ tán ni wọ́n ti parẹ́. Ìdí nìyí tí egungun tí ó ṣẹ́ fi ń jinná, tí ihò eyín kì í sì í dí fúnra rẹ̀. Itọ́ ẹnu àti fluoride inú ọṣẹ ìfọyín lè mú ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ le padà, ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ́ èyí tí ó ti wó.

Láti inú oyún títí di ìgbà èwe ni iṣẹ́ yìí ń lọ. Àìsàn líle tàbí àìjẹunrekánú ní àkókò náà lè fi àbùkù sí eyín títí ayé. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ fọ eyín yín láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ dín súìtì kù, ẹ sì kọ́ àwọn àbúrò yín bẹ́ẹ̀.

Jòhánù Onítẹ̀bọmi tún ọ̀nà ṣe, ó sì yẹra. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé-ìwé yìí lélẹ̀; bẹ́ẹ̀ sì ni purotéènì inú eyín. Tiwa ni láti tọ́jú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.