Kí Ló Dé Tí Igi Obì Fi Ń Tanná Tí Kò Sì So?

Igi obì gbànja ni a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí. Ẹ má sọ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èmi náà rò pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní Tchaada níbí, ní àgbègbè Ifangni, ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tó ní igi gbànja kan lẹ́yìn ilé. Bàbá rẹ̀ ló gbìn ín. Ọdọọdún ni igi náà ń so, owó rẹ̀ sì ni ìyá fi ń ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ. Bàbá kan tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ náà ní gbànja tirẹ̀ ní òdì kejì ọgbà. Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá yìí fẹ́ kọ́ yàrá méjì, ó gé igi tirẹ̀ kúrò. Láti ìgbà náà, igi ìyá kò so mọ́. Ó ń tanná o! Òdòdó á kún orí rẹ̀, á kún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èso kankan kò dúró. Ọdún kìíní, kò so. Ọdún kejì, kò so.

Ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn sọ. Wọ́n ní bàbá yẹn ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó gé igi tirẹ̀ kò fẹ́ kí ti ẹlòmíràn so. Ìyá àti bàbá kò kí ara wọn mọ́. Àwọn kan fi àdá ṣá igi náà lára káàkiri, wọ́n ní igi tó bá ń ṣagídí, bí ó bá jẹ ìyà, yóò so. Èmi tí mò ń kọ́ yín, mo ní kí ìyá da eérú sí ìdí rẹ̀. Eérú kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí ìyá sọ ní kíláàsì pé òun yóò gé e fi dáná ni mo tó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa igi. Ó yẹ kí n ti lọ ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òdòdó obì. Ẹ lọ sí ìdí igi gbànja ní àárọ̀, ẹ ṣa èyí tó já bọ́, ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó funfun díẹ̀, àárín rẹ̀ pọ́n rokoso. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé oríṣi méjì ni. Àwọn kan kéré. Lẹ́búlẹ́bú nìkan ló wà ní àárín wọn. Ìyẹn ni akọ. Àwọn kan tóbi jù wọ́n lọ, ohun kan sì wà ní àárín wọn tó pín sí márùn-ún. Ìyẹn ni abo. Ohun tó pín sí márùn-ún yẹn ni ilé ọmọ, òun ló sì ń di èso. Ìdí nìyẹn tí èso obì fi máa ń yà bí ìràwọ̀, tí apá rẹ̀ lè pé márùn-ún.

Lẹ́búlẹ́bú akọ gbọ́dọ̀ dé ẹnu ilé ọmọ kí obì tó lè wà. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, nítorí náà atẹ́gùn kò lè gbé e. Àwọn kòkòrò kéékèèké ló ń gbé e láti òdòdó dé òdòdó.

Ẹ óò wá bi mí pé: bí akọ àti abo bá wà lórí igi kan náà, kí ni igi náà tún ń wá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ wo bí a ṣe ń fẹ́ ìyàwó. Kí àwọn àna tó gba obì lọ́wọ́ yín, wọ́n á béèrè: ọmọ ta ni? Ìdílé wo ló ti wá? Bí wọ́n bá wádìí, tí wọ́n rí i pé ẹbí kan náà ni, wọ́n á ní kò ṣeé ṣe, èèwọ̀ ni. Gbànja náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ kì í ṣe ohunkóhun fún un. Ti igi mìíràn ló ń fẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo igi mìíràn ló ń gbà. Àwọn igi méjì wà tí wọn kò bára wọn mu rárá, bí ẹ tilẹ̀ gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ń ṣiṣẹ́ lórí obì pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun níbẹ̀.

Báwo wá ni òdòdó ṣe ń mọ ẹbí rẹ̀? Kò ní ojú, kò ní etí. Èròjà tó wà lára rẹ̀ ló fi ń mọ̀.

Bí lẹ́búlẹ́bú bá balẹ̀ sí ẹnu abo, á mu omi tó wà níbẹ̀, á hù. Á yọ okùn tín-ín-rín kan, bí àgbàdo tí a rẹ sínú omi ṣe ń yọ gbòǹgbò. Okùn yìí á wọ inú lọ, á máa wá ẹyin tí yóò di ọmọ. Nínú àwọn igi kan, bí igi ápù tí ẹ ń rí èso rẹ̀ ní ọjà Kútọnu, oró kan wà lójú ọ̀nà yẹn. Lẹ́búlẹ́bú tó wá láti ara igi mìíràn ní èròjà tó ń pa oró náà, ó ń kọjá. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú ti igi náà fúnra rẹ̀ kò ní èyí tó lè pa oró ilé ara rẹ̀. Oró á gé iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń rán sí ara rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni fa lẹ́tà ya kí a tó kà á. Okùn á dúró lójú ọ̀nà, á kú. Ní 1989 ni àwọn onímọ̀ ní Melbourne, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, fi hàn pé iṣẹ́ tí oró yìí ń ṣe nìyẹn. Ara igi kan tó jẹ́ ẹbí tábà ni wọ́n ti rí i.

Kòkó, tí òun àti obì jẹ́ ẹbí, ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó máa ń jẹ́ kí okùn wọlé dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Ibẹ̀ ló ti ń kọ̀ ọ́. Okùn dé, ẹyin kò gbà á, òdòdó á já bọ́ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Knight àti Rogers kọ̀wé lórí èyí ní 1955, láti ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Tafo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. (Ọ̀pẹ kò ní irú èèwọ̀ yìí. Akọ rẹ̀ àti abo rẹ̀ ni kì í sábà jáde ní àkókò kan náà lórí igi kan, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ mìíràn.)

Ṣé ẹ ti rí ohun tó ṣe igi ìyá yẹn báyìí? Bàbá aládùúgbò kò ṣe oògùn kankan. Igi tirẹ̀ ni ọkọ igi ìyá, òun ni kòkòrò ti ń gbé lẹ́búlẹ́bú wá. Nígbà tó gé e, igi ìyá di opó. Bàbá kò mọ̀. Ìyá kò mọ̀. Igi náà kò ṣàìsàn, ilẹ̀ kò burú.

Kí ẹ tó fi àáké kan igi tí kò so, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ wá akọ òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní àárọ̀ lórí igi gbànja mìíràn tó jìnnà sí tiyín. Gbànja ni kí ẹ wá fún gbànja, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àbàtà. Ẹ gun àkàbà, kí ẹnì kan di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ fi àárín akọ náà ra ẹnu abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là lórí igi tiyín, jẹ́jẹ́. Ẹ so òwú pupa mọ́ ibẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe é fún òdòdó bíi 20, nítorí gbogbo wọn kọ́ ni yóò dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ lọ wò ó. Bí èyí tó ní òwú bá ń wú, tí àwọn yòókù ti já, ẹ ti rí ọkọ fún igi yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá já, ẹ má tíì bínú. Ẹ wá lẹ́búlẹ́bú igi mìíràn.

A ṣe é fún igi ìyá. Bàbá aládùúgbò fúnra rẹ̀ ló lọ wá akọ òdòdó ní àdúgbò kejì nígbà tí a ṣàlàyé fún un, òun ló sì di àkàbà mú. Díẹ̀ dúró, ó wú, oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà a ká obì. Kò pọ̀. Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tó wà láàrin wọn kò tíì tán.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gun àkàbà lọ́dọọdún? Ìyá ti gbin gbànja mẹ́ta sí i, láti ọ̀dọ̀ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lè tó ọdún méje kí wọ́n tó tanná. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí o. Bí ẹ bá mú ẹ̀ka igi kan tó ń so dáadáa, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí igi kéékèèké mẹ́wàá, igi mẹ́wàá kọ́ lẹ ní lójú òdòdó. Ara kan ṣoṣo ni. Wọn kò ní gba ara wọn. Obì tí ẹ bá sì kó láti inú èso kan ṣoṣo, ọmọ ìyá ni wọ́n, àwọn kan nínú wọn lè kọ ara wọn. Ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn kí ẹ tó gbìn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ka igi gbànja tó wà ní agbo ilé rẹ. Kọ ibi tí a ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá, bí o bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

2. Ìyá kan ní igi gbànja 6. Ẹ̀ka igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn. Kò sí gbànja mìíràn nítòsí. Igi mélòó ni yóò so? Kọ ìdí rẹ̀ ní ìlà 2.