Irú Àlùbọ́sà Tí Yóò Wú Lẹ́yìnkùlé Wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé Òkè Ọya nìkan ni àlùbọ́sà ti ń ṣe dáadáa. Lóòótọ́, láti Kánò, Sókótó àti Kébí ni èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ebè méjì lẹ́yìnkùlé, tí kànga rẹ̀ kì í gbẹ, lè gbìn ín, bí ó bá mọ irú tí yóò rà.

Àwa náà ti jìyà àìmọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n wa kan fi irúgbìn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán ara páálí rẹ̀ wù wá púpọ̀. A bomi rin ín láàárọ̀, a bomi rin ín nírọ̀lẹ́, oṣù márùn-ún gbáko. Ewé yọ yanturu, ṣùgbọ́n nígbà tí a fà á tu, ìdí rẹ̀ kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Màmá àgbà ilé wa ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé, àlùbọ́sà lẹ gbìn ni àbí koríko?"

Irúgbìn náà kò ṣẹ̀. Gígùn ọ̀sán ni àlùbọ́sà ń wò kí ó tó wú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ máa ń ju wákàtí 16 lọ ní oṣù kẹfà. Níbi tiwa, láti Èkó dé Ìlọrin, kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún. Irú bíi Ailsa Craig, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbìn, ń retí wákàtí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbìn ín síhìn-ín, yóò retí títí ni.

Nítorí náà, ẹ béèrè irú tí ó ń wú níbi tí ọ̀sán kò gùn. Red Creole pupa, kò tóbi, ó ń ta lẹ́nu, ó sì ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Violet de Galmi, tí a fi orúkọ Galmi ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r pè, náà ń pẹ́ nílẹ̀. Texas Grano tóbi, kò ta púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rà. Ilé tí èrò pọ̀ sí, tí yóò tètè jẹ ẹ́ tán, lè gbìn ín. Lójú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fi pamọ́ di ìgbà tí yóò wọ́n lọ́jà, Red Creole ni kó mú.

Àwọn kan máa ń ri odindi àlùbọ́sà ọjà mọ́lẹ̀. Ewé ọbẹ̀ lẹ ó rí níbẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára páálí irúgbìn pẹ̀lú, nítorí wóró àlùbọ́sà tètè ń kú. Èyí tó bá ti ju ọdún méjì lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ gbin wóró náà sí ebè kékeré ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, kí ẹ dá ibòji bò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ tu ú lọ́, kí àárín ọ̀kan sí èkejì tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ó wú, torí òjò púpọ̀ ń ba ewé rẹ̀ jẹ́, ó sì ń mú ìdí rẹ̀ rà. Nígbà tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ dá omi dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fà á tu, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ọrùn rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó gé ewé rẹ̀ kúrò.