Ìkìlọ̀ fún Onípíkọ́ọ̀pù: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Fílítà Ọkọ̀ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń fi píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìkirè wá sí ọjà Bódìjà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti parí, tí lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì tún fọwọ́ kan ₦1,000 kí 2024 tó tán, ẹjọ́ epo nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Mẹkáníìkì kan bá a tú fílítà afẹ́fẹ́ dànù, ó ní ẹ́ńjìnnì yóò máa mí dáadáa, epo yóò sì dínkù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ń bú ramúramù, inú ẹ̀gbọ́n mi ń dùn. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, èéfín aláwọ̀ aró ti ń tú jáde ní sàlẹ́ńsà, ọ̀sẹ̀ kan kò sì lọ kó má bu ọ́ìlì sí i. Ẹ má bi mí ní iye tó fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe.

Kí gíráàmù epo kan tó jóná dáadáa, ó fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7. Afẹ́fẹ́ ńlá nìyẹn, eruku ojú ọ̀nà wa sì ń bá a wọlé. Bí kò bá sí fílítà tí yóò dá eruku náà dúró, àárín písítìnì àti sìlíńdà ló ń lọ, á sì máa ha wọ́n bíi sáńdípépà títí ríǹgì yóò fi jẹ tán. Ìgbà yẹn ni ọ́ìlì ń ráyè gòkè lọ jóná. Ariwo tó dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú kì í ṣe agbára rárá. Ilé fílítà ló ti ń pa ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èmi kò ní kí ẹ máa fi fílítà tó ti dí rìn o. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà ní 2009 fi hàn pé bí a bá pààrọ̀ fílítà tó dọ̀tí lára ọkọ̀ oníkàbúrétọ̀, epo rẹ̀ lè dínkù ní ìdá 2 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń bu epo fún yàtọ̀: kọ̀ǹpútà ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé, ó sì ń bu epo tó bá a mu, nítorí náà bí fílítà bá dí, fífà ọkọ̀ ni yóò dínkù, kì í ṣe pé yóò máa mu epo sí i. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ ń wà kí ẹ tó náwó.

Bí ẹ bá gbé fílítà lọ fẹ́ lọ́dọ̀ fọganáísà, inú ni kí wọ́n ti fẹ́ ẹ síta, kí ẹnu ọ̀pá afẹ́fẹ́ jìnnà sí i, torí bébà ni, ó lè ya. Ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á kọjá, ẹ ra tuntun. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ láéláé.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni yíyọ tẹmosítáàtì, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso gbígbóná ẹ́ńjìnnì. "Ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó kò lè jó epo rẹ̀ tán, kọ̀ǹpútà á sì rò pé àárọ̀ kùtù ṣì ni, á máa da epo sí i. Àwọn mìíràn ń ki wáyà sínú ihò jẹ́ẹ̀tì kàbúrétọ̀ kí epo lè dín. Epo á dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, fáàfù á sì jóná.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí afẹ́fẹ́ po àti mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù epo ńkọ́? Àjọ EPA tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ti dán irú wọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún wò. Díẹ̀ péré ló ṣiṣẹ́, èrè wọn náà kò sì tó nǹkan.

Dípò ìyẹn, ẹ fetí sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fọn "fíì" nídìí kàbúrétọ̀, kí wọ́n sì dí i. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ kó tó gbóná. Ẹ sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Ṣíṣí i sílẹ̀ kò dín epo kù, ẹrù ló ń já bọ́ níbẹ̀.

Bí mẹkáníìkì bá sì ti tú nǹkan kan lára ọkọ̀, ẹ dúró tì í títí yóò fi dá a padà. Orí bẹ́ǹṣì ni ẹ̀gbọ́n mi sùn sí lọ́jọ́ tí wọ́n tú tirẹ̀.