Ẹyẹ Wíwò ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà: Ẹ Dé Kí Àlejò Tó Gbéra

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá ti ń parí lọ, àwọn ará Yúróòpù tó fẹ́ràn ẹyẹ a máa kó owó gọbọi sílẹ̀, wọn a wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Varanger, ní ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Norway, níbi tí yìnyín ṣì wà lórí òkè. Afinimọ̀nà a máa kó wọn kiri, wọn a wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, wọn a dúró sínú òtútù kí wọ́n lè rí ẹyẹ tó ń dé láti ilẹ̀ ooru. Díẹ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù oṣù kẹta ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lè bá irú wọn nídìí ìpalẹ̀mọ́, ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì máa wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí Iléṣà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn yóò gba Ifẹ̀ já sí Iléṣà; ẹni tó ń bọ̀ láti Òṣogbo, Iléṣà náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ fò, ẹ lè balẹ̀ sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́. Iléṣà ni ilé ìtura pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ti gba owó tí ẹ máa ná. Ẹ má rìn lóru. A ti gbọ́ ìròyìn ajínigbé lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹyẹ kankan kò sì sí tó tó kéèyàn tìtorí rẹ̀ wà lójú títì ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Ní ti ìgbà tó dára jù, láti oṣù kẹwàá ni ẹyẹ àlejò ti ń wọlé, wọn a sì wà lọ́dọ̀ wa títí wọnú oṣù kẹrin. Nínú ọyẹ́, ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, igi púpọ̀ ti wọ́wé, ẹyẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ríbi sá pamọ́ sí, àmọ́ eruku a máa bo ojú ọ̀run débi pé èèyàn kì í rí àwọ̀ ara èyí tó bà sókè ìrókò. Ààrin oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni èmi fara mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti fọ eruku, àlejò kò tíì lọ tán, àwọn ẹyẹ onílé sì ti ń ṣa koríko ìtẹ́. Oṣù kẹfà dùn létí ju bó ṣe dùn lójú lọ, nítorí ewé ti bo gbogbo nǹkan. Ẹ fi oṣù kẹjọ sílẹ̀ fún iṣu tuntun àti ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo.

Orí pápá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má sáré wọ igbó. Ẹ kọ́kọ́ lọ sórí pápá ìṣeré ilé ìwé kan ní nǹkan bí aago 6:30 àárọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé. Bí màlúù bá ń jẹko níbẹ̀, ó tún dára jù. Lékèélékèé lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ìwọ̀nba ọmọ Yorùbá ni kò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó fún òun ní èékánná funfun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ màlúù dáadáa. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ìrù rẹ̀ kì í sinmi. Á sáré díẹ̀, á dúró, á ju ìrù sókè sódò, á tún gbá tẹ̀lé kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ta jí. Yellow wagtail ni ìwé àwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Ẹ wá akọ tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tó ṣú, tí kò ní ìlà funfun lókè ojú. Ìyẹn ni thunbergi, ilẹ̀ Lapland àti àríwá Norway ló sì ti ń yé, tó ń pamọ.

Nínú oṣù kọkànlá, ìyeyè ara rẹ̀ ti ṣá. Bó bá fi máa di oṣù kẹta, ó ti pààrọ̀ ìyẹ́, àwọ̀ náà á tàn yòò. Oúnjẹ nìkan ló gbájú mọ́ nígbà yẹn, nítorí ọ̀rá tó bá kó sára ni yóò fi la aṣálẹ̀ Sàhárà já. Lọ́jọ́ kan ẹ ó dé pápá, ẹ ó bá lékèélékèé nìkan. Láàárín oṣù karùn-ún, afinimọ̀nà kan ní Varanger á máa nàka sí ọ̀kan nínú wọn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ó ti dé.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gbójú sókè wo wáyà iná. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa, onílé ni. Ti Yúróòpù, tí ọ̀fun rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí ìlà dúdú sì dábùú àyà rẹ̀, kì í kọ́ ìtẹ́ níbí rárá; ó wá jẹun, ó wá sùn ni. Ní Ebbaken, lẹ́bàá Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn oníwádìí fojú bù ú pé àwọn tó ń sùn pọ̀ sínú koríko orí òkè tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Tiwa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Létí odò àti adágún ẹja, ẹ wá èyí tó ń mi ìdí bó ti ń rìn, common sandpiper nìyẹn. Ìbátan rẹ̀, wood sandpiper, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àmì funfun wínníwínní, irà àríwá Yúróòpù àti Siberia ni ibi ìyẹ́yin rẹ̀.

Ọdẹ ni kó mú yín wọgbó

Igbó ló ń mú èèyàn làágùn. Ẹni tó yẹ kó mú yín wọ ibẹ̀ ni ọdẹ, tàbí àgbẹ̀ kòkó tó dàgbà sóko. Ẹ lọ kí wọn ní ààfin, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, wọn á pe ẹnì kan fún yín. Ẹ ṣàlàyé dáadáa pé ẹ kò wá pa ẹyẹ, ẹ kò sì wá wa wúrà. Èyí kejì ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kún fún àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ, ojú tí ará oko sì fi ń wo àlejò tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tó ń wolẹ̀, tó ń wòkè, kò dára. Ẹ dá owó kí ẹ tó gbéṣẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ má pè é lórúkọ. Bàbá ni, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń sanwó.

Etí lẹ máa kọ́kọ́ lò nínú igbó, etí ọdẹ sì ju tiyín lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, elulùú á ti máa ké, òun tí òwe sọ pé ó ń pe òjò sórí ara rẹ̀. Àkókó á máa sọ igi. Atíóro, ẹlẹ́nu gọ̀ǹgọ̀, ariwo ìyẹ́ apá rẹ̀ lẹ máa gbọ́ kó tó yọ. Bí ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí mẹ́ta, mẹ́rin bá ń pariwo sí ojú kan, Bàbá á ní kí ẹ rọra, nítorí ejò tàbí òwìwí ni wọ́n rí. Ẹ tẹ̀lé e. Agbe àti àlùkò ti ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú ìdílé wọn bá fò kọjá, pupa apá rẹ̀ á hàn kedere sí yín. Bàbà, irú èyí tí a fi ń rọ ṣaworo, wà nínú pupa yẹn ní tòótọ́. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti yọ ọ́ jáde wò.

Ohun tó ń ba ẹyẹ wíwò jẹ́ fún àlejò ni ìrìn. Wọ́n fẹ́ rin gbogbo igbó tán kí oòrùn tó mú, wọ́n sì lé gbogbo ẹyẹ lọ. Àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé àtijọ́, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde, wọn ìbá mọ iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ ṣe òṣómàáló: ẹ wá ìdí igi kan, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹyẹ á jáde. Bí ẹ bá sì kan ìjàlọ, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sá lọ. Kòkòrò tó ń sá fún ìjàlọ ni oúnjẹ àwọn ẹyẹ kan tó ṣòroó rí lọ́jọ́ mìíràn, irú bíi fire-crested alethe, tó máa ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́ ìjàlọ kiri. Ibi tí àwọn mìíràn ti ń jó nítorí ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n, ibẹ̀ ni awẹyẹ ti ń rí ohun tó wá.

Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa pè ní igbó, oko kòkó ni, lábẹ́ ìrókò àti àràbà tí àwọn àgbà fi sílẹ̀. Ó bá ẹyẹ lára mu. Àmọ́ láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kìn-ín-ní, nígbà ìkórè, ẹni tó bá dá wọ oko olóko, olè ni wọ́n máa pè é kí wọ́n tó bi í léèrè. Bí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, ẹ yà. Ẹ má bèèrè pé kí ló dé, ẹ má yà á ní fọ́tò. Bí wọ́n bá kéde orò, kí obìnrin tó wà láàárín yín wà nílé. Kì í ṣe ọjọ́ àríyànjiyàn nìyẹn.

Ẹrù àti fóònù

Bínókúlà ni olórí ẹrù, ìwé Birds of Western Africa ti Borrow àti Demey ló tẹ̀ lé e. Ẹ má gbé bínókúlà sójú níwájú bárékè tàbí níbi tí ṣọ́jà àti ọlọ́pàá bá dábùú ọ̀nà. Ẹ tì í sínú àpò. Bàtà tó bo kókósẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn, aṣọ tí kò tàn. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wèrèpè ti gbẹ, afẹ́fẹ́ lásán lè gbé irun ara rẹ̀ bá yín, nítorí náà ẹ má fọwọ́ fa ìtàkùn tí ẹ kò mọ̀. Iyán Ìjẹ̀ṣà dára púpọ̀, ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án tí ẹyẹ náà bá ń sinmi. Ẹni tó jẹ ẹ́ kó tó wọgbó á sùn sídìí òṣómàáló rẹ̀.

Àwọn kan máa ń tẹ ohùn ẹyẹ lórí fóònù kí ẹyẹ lè wá. Ẹ̀ẹ̀kan tó, kí ẹ má baà da èyí tó ń sàba láàmú. Ní ti òwìwí àti kowéè, ẹ má dán an wò lálẹ́ nítòsí ilé onílé. Ohun tí ìyá àgbà tó gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì máa rò kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé fún gbogbo àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí ọjọ́ bá kù

Erin-Ìjẹ̀ṣà wà nínú Oríadé kan náà, níbi tí omi Ọlúmirin ti ń ṣàn wálẹ̀ ní ìpele méje. Ẹ débẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó kó ìlù àti ariwo dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹyẹ tó bá kù, alágídí ni. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tó tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005, kò sí ọdẹ tàbí apẹja tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Odò náà ti pọ́n fún amọ̀ látàrí wúrà tí wọ́n ń wà lókè odò, ẹyẹ tó sì ń fojú wá ẹja nínú omi kò lè gbádùn ìyẹn. Ẹni tó lè dé Ìbàdàn kó wọ igbó IITA, hẹ́kítà bí 350, lọ wá Ibadan malimbe, ìbátan ẹ̀gà. Elgood, olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958, kò sì sí níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ.

Ẹ má retí gúnnugún. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún rántí ìgbà tó ń bà sórí òrùlé odò ẹran. Oògùn ṣíṣe àti májèlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé odídẹrẹ́ inú igbó wá tà fún yín, ẹ kọ̀. Láti 2017 ni àdéhùn CITES ti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ẹni tó rà á sì ń sanwó fún èyí tí wọ́n máa mú tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ fi ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project láti inú áàpù BirdLasser. Wọ́n ti pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́sàn-án lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ọ̀kan, ẹ kọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń rí i. Ẹ lè máa fi kún un títí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ wa áàpù náà sórí fóònù ní Iléṣà, kí nẹ́tíwọ̀kì oko má baà dá yín dúró. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ tó ní òrùka irin lẹ́sẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà àti orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí APLORI, ilé ìwádìí ẹyẹ tó wà ní Jos. Bó bá ṣì wà láàyè, ẹ ka òrùka náà pẹ̀lú bínókúlà, ẹ jẹ́ kó máa lọ.