Kí Ni Ẹni Tó Jókòó Níwájú Rẹ Ń Wá?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ta chess ní Ajangbadi, Iba àti Okokomaiko, ó wù mí bí ara yín ṣe yá sí ayò yìí. Ẹ gbọ́ bí Tunde Onakoya ṣe ta á fún wákàtí 60 ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ̀yin náà sì fẹ́ dé ibẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìkọlù nìkan lẹ gbájú mọ́. Ẹ ń wo ibi tí queen yín yóò balẹ̀ sí, ẹ kì í wo ibi tí ẹnì kejì ń lọ. Ẹ lọ jókòó ti àwọn bàbá tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Òpè ń ka ọmọ inú ilé tirẹ̀. Ọ̀ta ti ka ti ẹnì kejì tán kó tó nawọ́.

Aron Nimzowitsch sọ èyí di ẹ̀kọ́ nínú My System, ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1925: kọ́kọ́ dínà ohun tí ẹnì kejì fẹ́ ṣe. Tigran Petrosian gba ẹ̀kọ́ náà, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbáyé láti 1963 títí di 1969.

Ẹ wá ayò òun àti Samuel Reshevsky ní Zurich, 1953. Pawn Reshevsky wà ní d4 àti e5, ó sì ń wá bí èyí tó wà ní e5 yóò ṣe sún síwájú kí ọ̀nà lè là fún àwọn yòókù. Ní ìgbésẹ̀ 25, Petrosian gbé rook rẹ̀ sí e6 gan-an, níbi tí bishop ti lè jẹ ẹ́. Pawn kò lè lọ mọ́. Ẹṣin Petrosian gba e7 kọjá sí d5, ó jókòó síbẹ̀, kò sí pawn tó lè lé e. Reshevsky jẹ rook náà, síbẹ̀ ọ̀mì ni wọ́n ta. Lójú tèmi, ayò yìí ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti fi queen rúbọ lọ. Rook kò ríbi rìn; ẹṣin rí ìjókòó.

Nítorí náà, tí ẹnì kejì bá ti sún ọmọ ayò, ẹ ká ọwọ́ kúrò lórí ọpọ́n. Ẹ bi ara yín: ká ní òun ló tún kàn, kí ni ì bá ṣe? Ẹ dín ayò oníṣẹ́jú mẹ́ta orí fóònù kù, kò fún ìbéèrè yìí láyè. Ọmọ Áfíríkà bíi tiyín ni Amon Simutowe ará Zambia, ó sì di grandmaster ní 2009. Ẹ̀yin náà lè dé ibẹ̀.

Lálẹ́ òní, ẹ to ayò Zurich náà, ẹ fi ìwé bo ìgbésẹ̀ Petrosian. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ ohun tí Reshevsky ń wá sílẹ̀.