Ẹ̀yin onílé, bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yín padà, ọ̀nà tófin là sílẹ̀ rèé

Ọ̀pọ̀ onílé ló gbà pé nígbà tó jẹ́ owó àwọn làwọn fi kọ́lé, kò sẹ́ni tó lè yẹ àwọn lọ́wọ́ wò lọ́jọ́ táwọn bá fẹ́ gbà á padà. Bínú bá ti bí wọn, wọ́n á ní kí ayálégbé kó ẹrù ẹ̀ jáde lópin oṣù. Tíyẹn ò bá lọ, wọ́n á fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù pa mọ́ ọjà rẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣí páànù òrùlé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, torí onílé tó jàre tẹ́lẹ̀ lè tibẹ̀ di arúfin.

Òfin ilé yíyá ìpínlẹ̀ Èkó tọdún 2011 ti sọ bó ṣe yẹ kí onílé fún ayálégbé níwèé kó-jáde, èyí táwọn èèyàn ń pè ní kúìtì. Òfin náà kan ilé gbígbé, ó sì kan ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ wo ìwé àdéhùn yín. Bẹ́ ẹ bá ti jọ fẹnu kò lórí iye oṣù tẹ́ ẹ máa fi ṣèkìlọ̀, òun lẹ máa tẹ̀ lé. Tí kò bá sí nínú àdéhùn, òfin ti pín in báyìí: ẹni tó ń sanwó loṣooṣù, oṣù 1, ẹni tó ń san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù 3, ẹni tó ń san án lọ́dọọdún, oṣù 6.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé télọ̀ kan gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìyá onílé kan ní Muṣin, ọdọọdún ló ń sanwó, ìparí oṣù kejìlá lowó ẹ̀ sì máa ń tán. Bí ìyá bá fẹ́ kó jáde lópin ọdún, ìwé gbọ́dọ̀ ti tẹ télọ̀ lọ́wọ́ kí oṣù kẹfà tó parí. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ló tó fún un, àárín oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni oṣù 6 máa tó pé. Kò sì lè fún un loṣù kẹta kó ní kó jáde loṣù kẹsàn-án, torí owó tí télọ̀ san kò tíì tán.

Kí ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀? Orúkọ onílé, orúkọ ayálégbé bó ṣe wà nínú ìwé àdéhùn, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe ń sanwó, ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ìwé àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló gba ibẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ lẹ máa kọ, kì í ṣe ti máníjà. Bó bá jẹ́ lọ́yà tàbí éjẹ́ǹtì ló máa bá yín kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún un níwèé àṣẹ kó tó kọ ohunkóhun.

Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni, òfin gbà kẹ́ ẹ fún ẹni tẹ́ ẹ bá níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi táyé ti máa rí i, kẹ́ ẹ sì ní ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bó bá kọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn níṣojú ẹlẹ́rìí, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀.

Bí oṣù tẹ́ ẹ dá bá pé, tí kò jáde, ẹ ò tíì lè lé e. Ìwé kejì, ìyẹn ìwé ọlọ́jọ́ 7, lẹ máa fún un pé ilé ẹjọ́ lẹ̀ ń lọ. Ayálégbé tí àdéhùn ẹ̀ ní ọjọ́ ìparí pàtó, tọ́jọ́ náà sì ti kọjá, ìwé ọlọ́jọ́ 7 yìí nìkan ló tọ́ sí i. Ẹni tó ń sanwó loṣooṣù, tó sì jẹ gbèsè oṣù 6, òfin ní àdéhùn ẹ̀ ti tán, adájọ́ sì máa dá ilé padà fún onílé tó bá fi ẹ̀rí gbèsè hàn. Ẹ má sì gba owó ọdún tuntun lẹ́yìn tí kúìtì bá ti pé láì kọ́kọ́ bi lọ́yà, kó má baà sọ pé ẹ ti tún ilé yá òun.

Ẹni tó bá fipá lé ayálégbé tàbí tó halẹ̀ mọ́ ọn lè san tó N250,000 owó ìtanràn, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó oṣù 6. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, torí òfin iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn tìtorí pé ó yẹ àdéhùn lásán.

Ẹjọ́ ilé kan ní Yábàá tó dé kóòtù lọ́dún 1993, ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó parí ẹ̀. Lóòótọ́, àwọn adájọ́ sọ níbẹ̀ pé ayálégbé ò gbọ́dọ̀ máa fi àṣìṣe inú kúìtì sá sẹ́yìn láti jókòó sílé onílé. Àmọ́ ta ló fẹ́ lo ọdún tó lé ní 25 nílé ẹjọ́? Ìwé tó péye látìbẹ̀rẹ̀ ló ń dín wàhálà kù.

Ẹ̀yin ayálégbé náà, bẹ́ ẹ bá gba kúìtì, ẹ má ya á. Ẹ fi oṣù tí wọ́n fún yín wá ṣọ́ọ̀bù míì, kẹ́ ẹ sì máa fi ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ han àwọn oníbàárà yín. Lọ́dún 2025, wọ́n gbé àbá òfin ilé tuntun lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, nítorí náà, ẹ béèrè ohun tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ lọ́yà kẹ́ ẹ tó kọ̀wé. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.